Bajaj, TVS àbí Honda: èwo ni kí ẹ rà ní àlòkù?

Bí ẹ bá dé ibi tí àwọn ọlọ́kadà ń tò sí, tí ẹ béèrè irú alùpùpù tó dára láti rà ní àlòkù, Bajaj ni wọn yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Wọn ò purọ́ fún yín. Àmọ́ alùpùpù tí yóò máa pawó látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ni tiwọn. Ẹ̀yin lè jẹ́ olùkọ́ tó ń ti Ilé-Ifẹ̀ lọ kọ́ni ní Ẹdúnàbọ̀n, tàbí nọ́ọ̀sì tó ń ṣíwọ́ iṣẹ́ alẹ́ kí mọ́tò tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná. Ẹni tó fẹ́ gun nǹkan lọ síbi iṣẹ́, kó sì gùn ún padà wálé, ni mo kọ èyí fún. Ọ̀rọ̀ mi kò sì ju kan lọ: nínú ọjà àlòkù, ẹ kọ́kọ́ wádìí iṣẹ́ tí alùpùpù náà ti ṣe, kí ẹ tó wo orúkọ tó wà lára táńkì rẹ̀.

Bajaj Boxer àti TVS HLX

Íńdíà ni àwọn méjèèjì ti wá. Ẹ́ńjìnnì Boxer kékeré jẹ́ nǹkan bí 100 cc (cc ni ìwọ̀n bí ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó); èyí ńlá kò ju 145 cc lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 150 ni wọ́n ń pè é. TVS HLX náà wà ní 100, 125 àti 150. Atẹ́gùn ló ń tu ẹ́ńjìnnì wọn lára, kò sí omi, kò sí rédíétọ̀. Kò sí mẹkáníìkì abẹ́ igi tí iṣẹ́ wọn máa rú lójú.

Páàtì ni wọ́n ti kọ́kọ́ yàtọ̀. Ti Bajaj wà níbi gbogbo. Abúlé tí kò ní ilé ìwòsàn lè ní ṣọ́ọ̀bù kan tó so ṣéènì, kébù kílọ́ọ̀ṣì àti bírèkì ṣúù Boxer kọ́ sára pákó. TVS kò tíì dé ibẹ̀ yẹn. Ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Àkúrẹ́ tàbí Òṣogbo, ẹ ó rí tirẹ̀ láìlàágùn. Bó bá lọ bà jẹ́ lọ́nà oko ní ìhà Ṣakí tàbí Ìgbẹ́tì, ẹ lè dúró di ọjọ́ ọjà. Bí ẹ bá sì fẹ́ tà á lọ́jọ́ iwájú, Boxer kì í pẹ́ lọ́wọ́ ẹni.

Ibí yìí gan-an ni ẹni tó fẹ́ ra àlòkù ti gbọ́dọ̀ fara balẹ̀. Nítorí pé páàtì Boxer pọ̀, tí àtúnṣe rẹ̀ sì rọrùn, òun ni wọ́n máa ń fi ṣe ọ̀kadà jù. Boxer ọlọ́kadà kò mọ ọjọ́ ìsinmi. Èrò méjì lẹ́yìn, nígbà mìíràn mẹ́ta, pẹ̀lú àpò gàrí lórí táńkì. Láti ìdájí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kòtò, omi, eruku. Láàárín ọdún mélòó kan, wọ́n ti lè tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀ tí wọ́n ti pààrọ̀ písítìn. Wọ́n á wá ran síìtì tuntun sí i, wọ́n á lẹ sítíkà tuntun mọ́ táńkì, wọ́n á fọ̀ ọ́ kó máa dán, wọ́n á ní tíṣà kan ló ń lò ó. (Bí gbogbo alùpùpù tí wọ́n ní tíṣà ló lò bá jẹ́ ti tíṣà lóòótọ́, kò ní sí tíṣà kankan tó ń fẹsẹ̀ rìn ní ilẹ̀ Yorùbá.) Ohun tó sọ Boxer di ààyò gan-an ló ń ba àlòkù rẹ̀ jẹ́.

Nítorí náà, bí owó wọn bá súnmọ́ra, TVS 125 tó ti ọwọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba wá ni kí ẹ mú, kí ẹ fi Boxer tó ti ọwọ́ ọlọ́kadà wá sílẹ̀. Síìtì rẹ̀ tu ìdí lára, kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbọ̀n nígbà tí eré bá wọ̀ ọ́ lára. Àfi bí ẹ bá ń gbé níbi tí mẹkáníìkì yín ò ti mọ̀ ju Bajaj lọ. Nígbà náà, ẹ wá Boxer 100 tí kò ṣe ọ̀kadà rí, kódà bó bá gbà yín ní oṣù kan kí ẹ tó rí i.

Boxer 150 ńkọ́? Ti ẹni tó ń kó ẹrù ni, tàbí ẹni tó ń gun òkè Èkìtì lójoojúmọ́. Ẹnì kan ṣoṣo tó ń lọ síbi iṣẹ́ láàárín ìlú kàn ń fi epo ṣòfò lórí rẹ̀ ni. Epo bẹntiróòlù tí lítà rẹ̀ kò tó ₦200 kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ lóṣù Karùn-ún 2023 ti wọ ₦1,000 nígbà tí 2024 fi ń parí. Alùpùpù 100 tí ara rẹ̀ bá le yóò rìn ju 40 kìlómítà lọ lórí lítà kan.

Honda, àti àwọn tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀

Honda CG 125 ti wà láti 1976. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹni tí yóò rà á kì í pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, kò sì sí wọ́kíṣọ́ọ̀bù ńlá nítòsí wọn. Wọn ò fi ṣéènì sínú ẹ́ńjìnnì láti máa yí kámù, irin tó ń ṣí fáàfù tí epo ń gbà wọlé àti èyí tí èéfín ń gbà jáde. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń ti àwọn fáàfù. Ariwo ṣéènì inú tó máa ń dún kàrà-kàrà lára Boxer tàbí TVS tó ti gbó, CG kò ní i rárá. Àwọn ará Ṣáínà wo irú ẹ́ńjìnnì yìí ṣe tiwọn, òun ló sì wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ orúkọ tí ẹ ń rí lójú pópó lónìí. Lẹ́yìn CG ni Ace dé, èyí tí Honda tò ní ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Ọ̀tà, ìpínlẹ̀ Ògùn.

Honda gidi tó ti ọwọ́ ẹni jẹ́jẹ́ wá dára ju àwọn méjì tí mo kọ́kọ́ dárúkọ lọ, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀, olówó rẹ̀ kì í sì í fẹ́ dín owó. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé sítíkà Honda kò wọ́n. Ẹ má gba ohun tí wọ́n kọ sára táńkì àti ike ẹ̀gbẹ́ gbọ́. Ẹ wo orúkọ tó wà lára irin ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá mọ̀ pé ti Ṣáínà ni, tí ẹ sì san owó Ṣáínà, kò burú. Ẹ kàn mọ̀ pé àwọn wáyà rímù rẹ̀ máa ń tètè dípẹtà.

Ní ti Jincheng AX100, alùpùpù Ṣáínà kan, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń jó ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo, ó ń rú èéfín sára aṣọ iṣẹ́ ẹni, àwọn tó sì kù lóde ti darúgbó.

Ọjọ́ tí ẹ bá lọ yẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ lọ láàárọ̀, ẹ má sì sọ wákàtí tí ẹ ó dé. Bí ẹ ti ń kí olówó rẹ̀, ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ súnmọ́ ẹ́ńjìnnì. Bó bá ti gbóná, wọ́n ti sítáàtì rẹ̀ dè yín, torí àìsàn tó ń yọ ẹ́ńjìnnì lẹ́nu láàárọ̀ kì í hàn mọ́ tó bá ti móoru. "Ẹ̀gbọ́n, mo kàn fi lọ ra búrẹ́dì ni." Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ẹ ò kánjú, kí ẹ jókòó títí á fi tutù.

Ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín sítáàtì rẹ̀, ẹ má lo ti bọ́tìnnì. Kíìkì tó bá ń lọ sílẹ̀ wọ̀ọ́, tí kò ta ko ẹsẹ̀ yín, ẹ́ńjìnnì náà ti rọ nínú. Ẹ wo èéfín. Bó bá dúdú, epo ló pọ̀ jù, iṣẹ́ kábúrétọ̀ nìyẹn, kì í náni lówó púpọ̀. Bó bá dà bí búlúù, tí kò sì tán lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ọ́ìlì ló ń jó: rìǹgì ara písítìn ti jẹ, tàbí síìlì fáàfù. Ẹ mú tíṣù funfun súnmọ́ ẹnu sáìlẹ́ńsà, kí ẹnì kan máa fún un lépo. Bí ọ́ìlì bá ta tótòtó sára tíṣù, ẹ ti mọ iye tí ẹ ó yọ kúrò nínú owó tó ń bèèrè.

Ẹ má fi ojú wo ìwọ̀n máìlì rárá. Wáyà rẹ̀ ti já lára ọ̀pọ̀ wọn. Rọ́bà ìtẹ̀sẹ̀ ni kí ẹ wò. Ti awakọ̀ máa ń jẹ, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ti ẹ̀yìn náà bá ti jẹ dé irin, èrò ni wọ́n fi ń gbé, ẹnikẹ́ni tó wù kí wọ́n ní ó ni ín. Bí wọ́n bá sì ti pààrọ̀ ti ẹ̀yìn nìkan sí tuntun, ẹ béèrè ìdí rẹ̀.

Ẹ di ṣéènì mú níbi tó ti yí ẹ̀yìn sípírókẹ́ẹ̀tì ńlá (irin eléyín tó wà lára táyà ẹ̀yìn) ká, kí ẹ fà á sẹ́yìn. Bó bá ṣí tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ rí ìdajì eyín, ó ti tán. Bí eyín fúnra rẹ̀ bá ti tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, gbogbo rẹ̀ ni ẹ ó pààrọ̀ pọ̀. Lára ọ̀pá bírèkì ẹ̀yìn, ọfà kékeré kan máa ń wà níbẹ̀: ẹ tẹ bírèkì, bí ọfà náà bá kọjá àmì ara dọ́rọ́ọ̀mù, ṣúù ti jẹ tán. Ìwọ̀nyí kì í ṣe ìdí láti sá. Ohun tó yẹ kí ẹ sá fún ni ojú wẹ́dà tuntun lábẹ́ ọrùn férémù, tàbí níbi tí ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ti so mọ́ ọn. Bí ẹ bá rí i, ẹ dúpẹ́, kí ẹ máa lọ sílé.

Ìwé rẹ̀

Ẹ fi akísà nu ọrùn férémù, kí ẹ ka nọ́ńbà ṣáàsì síta, kí ẹlòmíràn máa fojú bá a lọ lórí ìwé. Ti Bajaj tó wá láti Íńdíà, MD2 ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Ti TVS, MD6. Bí ibẹ̀ bá ti rí jágajàga bí ohun tí wọ́n fi fáìlì rẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ béèrè rìsíìtì àkọ́kọ́, ìwé aṣọ́bodè, àti ìwé tó fi hàn pé òun ló ni ín, kí ẹ sì lọ yí orúkọ padà ní ọ́fíìsì tó ń fúnni ní nọ́ńbà ọkọ̀.

Èyí tó ń kó àwọn èèyàn sí wàhálà jù lónìí ni alùpùpù tí wọ́n gbà sanwó díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ń gùn ún ò tíì san án tán, ìwé ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó gbé e fún un, òun ti ń tà á. "Ìwé wà lábúlé lọ́dọ̀ bàámi" kì í ṣe ìwé.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó, ẹ wo àdúgbò yín kí ẹ tó náwó. Òfin ìrìnnà 2012 ti lé alùpùpù tí kò tó 200 cc kúrò ní ọ̀pọ̀ ọ̀nà ńlá, gbogbo èyí tí mo ń sọ níbí ló sì bá wí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà 2022, wọ́n fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ Etí-Ọ̀sà, Ìkẹjà, Súrùlérè, Àpápá, Lagos Island àti Lagos Mainland. Lóṣù Kẹsàn-án, wọ́n fi Kòṣọ́fẹ́, Òṣòdì-Ìsọlọ̀, Ṣómólú àti Múṣin kún un. Èyí tí wọ́n bá gbà, wọ́n ń fi ẹ̀rọ rún un ni.

Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ti alùpùpù ni oríṣi A. Akoto sì ti di dandan láti oṣù Kìíní 2009, ọdún tí àwọn kan ń fi igbá àti ike ọ̀dà borí kí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó má bàa mú wọn. Ẹ ra èyí tó ṣe é dè lábẹ́ àgbọ̀n.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e délé

Ẹ má fi gbogbo owó yín rà á. Ọ́ìlì, púlọ́ọ̀gì, kébù kílọ́ọ̀ṣì àti bírèkì ṣúù ni kí ẹ pààrọ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ohunkóhun tí olówó rẹ̀ bá wí. Ọ́ìlì 20W-50 dára fún un, bí lítà kan ló ń gbà, èmi ò sì ní jẹ́ kó kọjá 2,000 kìlómítà kí n tó yí i. Lásìkò ọyẹ́, ẹ máa tú fítà atẹ́gùn rẹ̀ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pàápàá tí ọ̀nà yín bá jẹ́ ọ̀nà erùpẹ̀ pupa. Eruku tó bá ti ibẹ̀ wọlé ló máa ń jẹ rìǹgì.