Báyọ́lọ́jì àti Saikọ́lọ́jì: èwo ni ká kọ sínú fọ́ọ̀mù JAMB?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi nílé ní Bàrígà lọ́jọ́ Sátidé kan. Fọ́ọ̀mù JAMB ti jáde, kò sì mọ èyí tó máa kọ. Ọkàn rẹ̀ wà lórí Báyọ́lọ́jì, ó tún wà lórí Saikọ́lọ́jì. Èmi kọ́ Zoology, ẹ̀ka Báyọ́lọ́jì tó jẹ mọ́ ẹranko. Àbúrò mi kọ́ Saikọ́lọ́jì, ẹ̀kọ́ nípa ìrònú àti ìwà ènìyàn. Inú ilé kan náà la ti ka méjèèjì jáde, nítorí náà ohun tí mo sọ fún un ni mo kọ síbí, fún ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọmọ tí ẹ fẹ́ fi odidi ọdún mẹ́rin àti owó rẹpẹtẹ lé ọ̀kan nínú wọn lórí.

Mi ò bi í pé èwo ló wù ú. Ohun tí mo bi í ni pé, lọ́jọ́ tó bá gba ìwé-ẹ̀rí náà, iṣẹ́ wo ni ìwé-ẹ̀rí yẹn máa gbà á láyè láti ṣe? Ibẹ̀ ni mo ti rí ọ̀pọ̀ ọmọ tó kọsẹ̀.

Orúkọ tó wà lórí fọ́ọ̀mù

Ní UNILAG, Akọka, ẹ ò ní rí ẹ̀ka tó ń jẹ́ Biology lásán ní Faculty of Science. Botany, ẹ̀ka tó jẹ mọ́ ewéko, lẹ máa rí, àti Zoology, Cell Biology and Genetics, Microbiology, Marine Sciences. Biology tó jẹ́ ti olùkọ́ wà ní Faculty of Education. Iṣẹ́ olùkọ́ dára, a sì nílò olùkọ́ Báyọ́lọ́jì gidi ní Èkó, àmọ́ kí ọmọ mọ̀ pé ohun tí òun ń mú nìyẹn kó tó mú un. Ní LASU, Ọ̀jọ́, Botany dá dúró, Zoology and Environmental Biology náà dá dúró.

Saikọ́lọ́jì ní tirẹ̀, abẹ́ Social Sciences ló wà ní UNILAG àti ní LASU, bó tilẹ̀ jẹ́ pé B.Sc. ni wọ́n máa fún ọmọ náà. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì gan-an. Ọmọ kíláàsì sáyẹ́ǹsì lè yà lọ sí Saikọ́lọ́jì, ṣùgbọ́n ọmọ tó ti fi Kẹ́mísírì sílẹ̀ láti SS1 kò lè jí lọ́jọ́ kan kó ní Zoology ni òun fẹ́. Ẹ̀yìn Gẹ̀ẹ́sì, Báyọ́lọ́jì àti Kẹ́mísírì ni Físíìsì tàbí Máàtì máa ń tẹ̀ lé nínú JAMB fún àwọn ẹ̀ka Báyọ́lọ́jì. Ti Saikọ́lọ́jì yàtọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ kan sí òmíràn. Ẹ lọ wò ó lórí IBASS, ojúlé tí JAMB kó gbogbo rẹ̀ sí, kí ẹ má fi ti UNILAG ṣe ti LASU. Ẹni tó bá sì ń sá fún Máàtì, kó má rò pé Saikọ́lọ́jì ni ibi ìsápamọ́sí.

Ohun tí ọwọ́ ń ṣe lójoojúmọ́

Ní ọdún àkọ́kọ́ mi, wọ́n gbé ọ̀pọ̀lọ́ síwájú mi lórí pákó tí wọ́n da ìda sí. Wọ́n ti fi kulorofọ́ọ̀mù kùn ún títí kò fi mira mọ́. Mo fi pín-ìnnì mẹ́rin kan ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀, mo fi abẹ la awọ ikùn, mo gé egungun àyà, mo sì rí i pé ọkàn rẹ̀ ṣì ń lù, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi jáde síta. Èmi tẹ̀ síwájú, ọkàn yẹn ni mo ń wò. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé mo wà níbi tó yẹ kí n wà.

Àmọ́ lílà kọ́ ló le níbẹ̀, yíyà ni. Pẹ́ńsùlù HB, ilà kan ṣoṣo tí kò já, o ò gbọdọ̀ kùn ún dúdú, àwọn ilà tó o fi tọ́ka sí ẹ̀yà ara kò sì gbọdọ̀ gba orí ara wọn kọjá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dá tèmi padà. Wákàtí mẹ́ta lo máa fi tẹjú mọ́ máíkírósíkóòpù, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o tún padà síbẹ̀. Ẹni tí kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀ máa jìyà, bó ti wù kó gba A nínú WAEC tó.

Ènìyàn ni lábù àbúrò mi. Iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ dá lórí oorun àwọn awakọ̀ dánfó. Aago márùn-ún ìdájí ló máa ń dé Ojúẹlẹ́gbà pẹ̀lú àpò fọ́ọ̀mù rẹ̀. Kọ̀ndọ́ kan bi í pé, “Àǹtí, ṣé ìjọba ló rán yín ni?” Àwọn kan gba fọ́ọ̀mù, wọ́n fi nu jígí mọ́tò. Nígbà tó bi bàbá awakọ̀ kan pé wákàtí mélòó ló ń sùn lálẹ́, bàbá náà ní, “Èmi ò kí ń sùn, ọmọ mi, mo máa ń tòògbé ni.” Àyè tó wà lórí fọ́ọ̀mù kò gba irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà ni fọ́ọ̀mù ń fẹ́. Ó jókòó tì í ní ilé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ń rò ó.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sítátísíìkì. Àwọn tó rò pé ọ̀rọ̀ sísọ àti ìmọ̀ràn fífúnni ni Saikọ́lọ́jì kò mọ̀ pé bí ọpọlọ àti iṣan ara ṣe ń ṣiṣẹ́ wà nínú rẹ̀, fífi ènìyàn ṣe ìdánwò ìwádìí wà nínú rẹ̀, ìṣirò sì wà láti ọdún kan dé èkejì. Láti 1879 tí onímọ̀ kan, Wilhelm Wundt, ti dá lábù Saikọ́lọ́jì sílẹ̀ ní Leipzig, Jámánì, ni ẹ̀kọ́ yìí ti ń fi ìdánwò àti òǹkà sọ̀rọ̀. Àwọn ará ilé á máa bi ọmọ náà pé, “Ṣé o mọ ohun tí mò ń rò báyìí?” Kò mọ̀ ọ́n. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ìyẹn.

Owó

Ẹ̀kọ́ tó ní lábù máa ń gbówó ju èyí tí kò ní lọ. Nígbà tí UNILAG fi owó kún owó ní 2023, ìkéde àkọ́kọ́ ni ₦100,750 fún akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ní lábù, ₦140,250 fún èyí tó ní in, kí wọ́n tó dín díẹ̀ kúrò. Ẹ fi aṣọ lábù àti ohun èlò tí a fi ń la ẹranko kún un. Ti Saikọ́lọ́jì, fọ́tókọ́pì àti owó ọkọ̀ ni.

Lẹ́yìn ìwé-ẹ̀rí

Lẹ́yìn tí mo sìnrú ìlú tán, mo gbé ìwé-ẹ̀rí mi lọ sí lábù ilé ìwòsàn kan ní Mainland. Obìnrin tó gbà mí lálejò wò ó, ó dá a padà tìfẹ́tìfẹ́, ó ní, “Ọmọ mi, kì í ṣe èyí.” Kò sẹ́ni tó sọ fún mi láti ọdún mẹ́rin yẹn wá pé ẹni tó máa yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wò nílé ìwòsàn gbọ́dọ̀ ka Medical Laboratory Science, ọlọ́dún márùn-ún, kí ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó iṣẹ́ náà sì fún un níwèé àṣẹ. Zoology kì í ṣe é, Microbiology kì í ṣe é. Mo sunkún nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún àwọn ọmọ.

Ìdẹkùn tó wà lápá Saikọ́lọ́jì jọ ọ́. Àwọn ènìyàn rò pé ẹni tó bá kà á máa di dókítà ọpọlọ ní ilé ìwòsàn Yábàá, èyí tó ti wà láti 1907. Rárá. Dókítà ọpọlọ ka ìmọ̀ ìṣègùn tán kó tó yà sí ọpọlọ. Òun ló ń kọ oògùn. Ẹni tó ka Saikọ́lọ́jì lè bá aláìsàn ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kó yẹ ìrònú rẹ̀ wò, kó sì fi ọ̀rọ̀ tọ́jú rẹ̀, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba másítà nínú Clinical Psychology. B.Sc. nìkan kò gbé e débẹ̀. Ní January 2023 ni Ààrẹ fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun dípò ti 1958, èyí tó ṣì ń pe aláìsàn ní wèrè. Inú àbúrò mi dùn ju ti ọjọ́ ìbí rẹ̀ lọ.

Ibi tí Báyọ́lọ́jì ti gbayì ní Èkó ni omi àti oúnjẹ. Òfin àyẹ̀wò ipa iṣẹ́ lórí àyíká ti wà láti 1992. Kí wọ́n tó kọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá sétí omi, ẹnì kan ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi, kó bu ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ ọ̀sà, kó sẹ́ ẹ, kó ka àwọn kòkòrò inú rẹ̀, kó sì dárúkọ wọn. Iṣẹ́ wa nìyẹn. SIWES, oṣù mẹ́fà tí akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì ń lò níbi iṣẹ́, ni ilẹ̀kùn tó ga jù lọ: ẹ tètè kọ̀wé sí NIMR, ilé ìwádìí ìṣègùn ní Yábàá, tàbí NIOMR, ilé ìwádìí òkun ní Victoria Island. Ẹni tó bá sì fẹ́ kọ́ ọmọ nílé ìwé á tún ka PGDE, ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́ tí wọ́n ń kà lẹ́yìn dìgírì, kó gba ìwé TRCN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀.

Saikọ́lọ́jì máa ń tètè rí ọ́fíìsì wọ̀: ìgbanisíṣẹ́, ìpolówó ọjà, ìwádìí ohun tí oníbàárà ń fẹ́. Tí agbára òbí kò bá kọjá dìgírì kan ṣoṣo, tí ọmọ sì ní láti máa gbówó wálé kíá, èmi á ní kó mú Saikọ́lọ́jì. Tí àyè másítà bá wà, tí ọmọ náà kò sì sá fún ẹrẹ̀ àti òórùn fọ́málínì tí wọ́n fi ń pa òkú ẹranko mọ́, Zoology tàbí Marine Biology ni mo máa fọwọ́ sí láìwẹ̀yìn. Ẹni tó kàn fẹ́ fi Báyọ́lọ́jì ṣe àtẹ̀gùn dé Medicine, kó tún JAMB ṣe. Direct Entry, ìyẹn fífi ìwé-ẹ̀rí tí ọmọ ti ní wọlé, wà lóòótọ́, àmọ́ àyè ibẹ̀ kò tó nǹkan, èrò sì pọ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, kò sọ nǹkan kan. Àbúrò mi wọlé lọ mú àwọn fọ́ọ̀mù àtijọ́ rẹ̀ wá, kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni lára wọn. Ọmọ náà jókòó sílẹ̀, ó ń kà wọ́n níkọ̀ọ̀kan títí iná NEPA fi lọ, ó tan iná fóònù, ó ń kà á lọ. Nígbà tó dé orí ti bàbá tó ń tòògbé, ó gbójú sókè.

“Àǹtí, ṣé ẹ tún padà lọ wò ó?”