Ayùn DeWalt DW788 fún ẹni tó ti fẹ̀yìntì tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ pákó

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ ti fẹ̀yìntì, tàbí tó kù díẹ̀ kẹ́ ẹ fẹ̀yìntì ní Amẹ́ríkà níbí, tẹ́ ẹ wá ń wá nǹkan tẹ́ ẹ máa fọwọ́ ṣe kẹ́ ẹ má bàa jókòó ti tẹlifíṣọ̀n látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ọ̀rọ̀ ayùn oníná kan ni mo bá wá. Scroll saw ni wọ́n ń pè é, èyí tí mo sì ń lò ni DeWalt DW788. Tówó yín bá ká a, ẹ rà á. Kì í ṣe agbára mọ́tò ẹ̀ ló jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀ o, ibi tí wọ́n ti ń de bíléèdì ẹ̀ ni.

Fún ẹni tí ò bá rí i rí, orí tábìlì ni ayùn yìí máa ń dúró sí, bíléèdì ẹ̀ tínrín gan-an, gígùn ẹ̀ jẹ́ ínṣì 5, wọ́n dè é lókè wọ́n dè é nísàlẹ̀, á wá máa lọ sókè sódò lójú kan, ẹ̀yin lẹ máa ti pákó sí i tẹ́ ẹ sì máa yí pákó náà síbi tí ìlà tẹ́ ẹ yà bá yí sí. Kì í gbẹ́ nǹkan o. Ẹ má rò pé ẹ máa fi gbẹ́ ilẹ̀kùn bíi ti olóògbé Lámídì Fákẹ́yẹ, iṣẹ́ àwọn tó jogún ọnà nìyẹn. Gígé ni tibí yìí: orúkọ, ẹyẹ, òdòdó, àgbélébùú, máàpù Nàìjíríà, nǹkan ìṣeré ọmọdé. Ohun tó fi yàtọ̀ sáwọn ayùn yòókù ni pé ó lè gé inú pákó láì gba etí pákó wọlé. Ẹ máa fi dírílì lu ihò kékeré kan, ẹ máa tú bíléèdì lókè, ẹ máa ki orí ẹ̀ gba inú ihò náà, ẹ dè é padà, ẹ wá gé. Tẹ́ ẹ bá gé ibẹ̀ tán, ẹ tún tú u, ó di ihò tó kàn.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Iṣẹ́ kan tó rẹwà dáadáa lè ní ihò 50, òmíì lè ní ju 100 lọ, ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa tú bíléèdì tẹ́ ẹ sì máa dè é fún ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá ronú ẹni tó ti lé ní 65 tí làkúrègbé ti wọ ìka ẹ̀, tí ẹ̀rọ tó rà sì jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń fi sípánà kékeré tú, tó jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ wò lábẹ́ tábìlì nígbà gbogbo. Kó tó gé ihò kẹwàá, á ti sú u. Mo mọ ju ẹnì kan lọ tó ti gbé ayùn sí kọ̀rọ̀ gáràájì báyìí, tó ń sọ pé iṣẹ́ náà le, tó sì jẹ́ pé ìdè bíléèdì ló le. Àwọn ẹ̀rọ kan tún wà tó jẹ́ bíléèdì onípíìnì nìkan ni wọ́n ń gbà, ìyẹn èyí tó ní irin kékeré tó dábùú ní orí àti ìdí ẹ̀. Ẹ má rà á. Ihò tí píìnì yẹn máa gbà kọjá ti tóbi ju inú lẹ́tà kékeré lọ, ìgbà wo lẹ fẹ́ gé nǹkan tó fínjú?

Lórí DW788, ọwọ́ lásán lẹ máa fi yí ohun tó di bíléèdì mú, kò sí kọ́kọ́rọ́ kankan. Ohun tí wọ́n fi ń fa bíléèdì le wà níwájú lórí apá òkè, súwíìṣì wà níwájú, ibi tẹ́ ẹ ti máa dín eré ẹ̀ kù náà wà níwájú. Ẹ ò ní dìde, ẹ ò ní máa nawọ́ lọ sẹ́yìn. Bíléèdì onípẹẹrẹ tí ò ní píìnì ló ń gbà, nítorí náà ihò tíntìntín ti tó o. Láti ìdí bíléèdì dé ẹ̀yìn ẹ̀rọ jẹ́ ínṣì 20, pákó tó fẹ̀ dáadáa á yí po níbẹ̀ láì kọ lu nǹkan. Wọ́n sì ṣe apá ẹ̀ lọ́nà tó jẹ́ pé ibi tó ń mì ò gùn, ìdí nìyẹn tí kì í fi í gbọ̀n púpọ̀. Àwọn tó ń lo scroll saw máa ń dá owó ẹyọ dúró lórí tábìlì ẹ̀rọ wọn kí wọ́n tó tan án, láti mọ̀ bóyá á ṣubú, tèmi dúró dáadáa nígbà tí eré ò tíì pọ̀. Eré ẹ̀, ìyẹn iye ìgbà tí bíléèdì ń lọ sókè sódò, bẹ̀rẹ̀ láti 400 lọ dé 1750 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, kó dín in kù, kó jẹ́ kójú mọ́ ìlà ná.

Ọ̀rọ̀ bíléèdì fúnra ẹ̀ ńkọ́? Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń rà á, bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni bíléèdì ṣe tínrín tó. Ẹ fi nọ́ńbà 5 bẹ̀rẹ̀ fún pákó tó nípọn bí ínṣì kan ó dín díẹ̀, nọ́ńbà 3 fún èyí tó tínrín, àwọn nọ́ńbà 1 àti 2/0 ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ná torí kíá ló ń já. Ẹ béèrè èyí tí eyín díẹ̀ nísàlẹ̀ ẹ̀ kọjú sókè, reverse tooth lorúkọ ẹ̀, torí tó bá ń gòkè ó máa ń gé ẹ̀yìn pákó mọ́, kò ní ya wúruwùru kẹ́ ẹ tó máa fi sáńpépà jà á. Méjìlá méjìlá ni wọ́n ń tà á, owó ẹ̀ ò wọ́n, ẹ má ṣahun lórí ẹ̀ rárá. Bíléèdì tó bá ti kú, ṣe lẹ ó máa fi agbára ti pákó, ibẹ̀ sì ni ìlà ti ń wọ́. Nígbà tẹ́ ẹ bá fà á le tán, ẹ fìka ta á, ó yẹ kó dún tín-ín bí okùn gìtá, tí ò bá dún bẹ́ẹ̀ ó ṣì dẹ̀ nìyẹn.

Nǹkan míì tó máa ń da àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàmú ni pé bíléèdì máa ń fà sápá ọ̀tún, ẹ máa rò pé ọwọ́ yín ló ń gbọ̀n. Bí wọ́n ṣe ń ṣe bíléèdì nílé iṣẹ́, etí ẹ̀ kan máa ń mú ju èkejì, ibi tó mú yẹn ló ń gé lọ. Ẹ kàn yí pákó sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń tì í, á tẹ̀ lé ìlà. Tó bá yá, ọwọ́ yín á máa ṣe é láì ronú.

Mo wá bọ́ sí èyí tó wù mí jù, gígé orúkọ Yorùbá. Àwòrán ọ̀fẹ́ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì àmọ́ lẹ́tà òyìnbó ló kún bẹ̀, kò sí èyí tó ro ti àmì abẹ́ àti àmì ohùn tiwa. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gé Ṣọlá kó dá dúró lórí tábìlì, àmì abẹ́ Ṣ àti ti ọ máa já bọ́ torí kò sí nǹkan tó so wọ́n mọ́ lẹ́tà, àmì orí á náà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń ya ìlà pákó kan sísàlẹ̀ tí gbogbo orúkọ á dúró lé, àmì abẹ́ á wá di ẹsẹ̀ kékeré tó so lẹ́tà mọ́ ìlà yẹn, àmì orí màá jẹ́ kí ìdí ẹ̀ kan lẹ́tà. Ọ̀nà kejì ni kẹ́ ẹ gé lẹ́tà kúrò lára pákó kó jẹ́ ihò lorúkọ, kẹ́ ẹ wá fi pákó dúdú tì í lẹ́yìn. Níbẹ̀, àmì abẹ́ ò ní wàhálà kankan, dírílì lásán lẹ máa fi lu ú, inú ọ àti inú a ló máa fẹ́ já bọ́, nítorí náà ẹ fi afárá tíńrín sílẹ̀ níbẹ̀. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá ṣe, inú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gé kẹ́ ẹ tó gé ìta, torí tẹ́ ẹ bá ti gé ìta kúrò ẹ ò ní ríbi dì mú mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe yọ àmì kúrò nítorí kíṣẹ́ lè yá o. Ọmọ-ọmọ tiwa tí wọ́n bí síbí, tí wọ́n ń ṣi orúkọ ẹ̀ pè nílé ìwé látàárọ̀, ó yẹ kó rí orúkọ náà ní pípé lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀.

Pákó ńkọ́, Baltic birch plywood ni kẹ́ ẹ rà fún ìbẹ̀rẹ̀, inú ẹ̀ ki dáadáa, plywood yẹpẹrẹ máa ń ní ihò láàárín tó jẹ́ pé ẹ máa gé dé òdòdó tó dáa jù kó tó yọjú. Ẹ fi sẹ̀lótéèpù fífẹ̀ tí wọ́n fi ń di páálí bo orí àwòrán kẹ́ ẹ tó gé, kì í jẹ́ kí bíléèdì jó igi, pàápàá igi cherry àti maple tó máa ń dúdú létí. Ẹ wọ ìbòmú nígbà gbogbo. Eruku ayùn yìí lẹ́bú gan-an, ẹ̀rọ náà ní ibi tó ń fẹ́ eruku kúrò lórí ìlà, àmọ́ ojú yín àti imú yín ló ń fẹ́ ẹ sí. Ẹni tó bá ní ikọ́ ẹ̀gbẹ má lo MDF rárá, ìyẹn pákó tí wọ́n fi lẹ́bú igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀. Ewu ẹ̀ kéré sí ti ayùn olóbìírí lóòótọ́, síbẹ̀ ìka ò gbọ́dọ̀ wà níwájú bíléèdì.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ẹnì kan kọ́ yín lójúkojú, ẹ béèrè ní Woodcraft tàbí Rockler, àwọn ilé ìtajà irinṣẹ́ iṣẹ́ pákó, tó bá wà nítòsí yín, wọ́n máa ń ṣe kíláàsì.

Ẹ̀rọ yìí wúwo, bíi pọ́ùn 56 ni, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín bá yín gbé e. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ta ẹsẹ̀ ẹ̀, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ta iná ẹ̀, ẹ ro ìyẹn mọ́ owó, iná ṣe pàtàkì fún ojú àgbà ju ẹsẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ ẹ kàn fẹ́ dán an wò bóyá iṣẹ́ náà máa wù yín, owó ẹ̀ ti pọ̀ jù fún ìyẹn, ẹ wá ẹ̀rọ ínṣì 16 tówó ẹ̀ wálẹ̀, kẹ́ ẹ ṣáà rí i dájú pé ó ń gba bíléèdì onípẹẹrẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń múra àtipadà sílé, tẹ́ ẹ fẹ́ kó o sínú kọ̀ǹtẹ́nà, iná 120 lèyí tí wọ́n ń tà níbí ń lò, ti Nàìjíríà lé ní 220, ẹ ra step-down tó lágbára mọ́ ọn kẹ́ ẹ tó ki í bọ ògiri, kẹ́ ẹ sì kó bíléèdì púpọ̀ dání.