Mazda MX-5 ìran kìíní: àgbéyẹ̀wò láti ọwọ́ ẹni tó ń tún tirẹ̀ ṣe

Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ronú àtira ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì àtijọ́, tó sì fẹ́ máa fọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe, mọ ohun tó máa bá pàdé kó tó náwó. Mazda MX-5 ìran kìíní ni mo ní, èyí tí iná iwájú rẹ̀ máa ń dìde láti inú bónẹ́ẹ̀tì tí èèyàn bá tàn án. Ẹ́ńjìnnì 1.6 ló wà nínú tèmi. Ó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi, ibi tí sípánà mi ò tíì dé lára rẹ̀ kò sì pọ̀ mọ́. Ìdájọ́ mi nìyí: ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í dààmú èèyàn. Róbà tó ti gbó àti omi tí kò ríbi jáde ló ń ba ọkọ̀ yìí jẹ́. Ẹni tó bá mójú tó méjèèjì, iṣẹ́ tó kù kò ju ohun tó lè fi òpin ọ̀sẹ̀ ṣe lọ.

Oṣù Kejì ọdún 1989 ni Mazda kọ́kọ́ gbé e síta, níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní Chicago. Àwọn ará Japan ń pè é ní Eunos Roadster, àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é ní Miata. Wọ́n ṣe ìran kìíní yìí títí di 1997, ẹ́ńjìnnì 1.6 ló kọ́kọ́ wá, kí 1.8 tó dé. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹrin 2016, gbogbo ìran rẹ̀ tí wọ́n ti ṣe ti pé mílíọ̀nù kan. Èrè tó wà níbẹ̀ fún àwa tá a ń tún un ṣe nílé ni pé ẹ̀yà ara rẹ̀ kò tíì wọ́n láyé, àlòkù wà, tuntun wà. Ní 2017, Mazda fúnra wọn kéde ní Japan pé àwọn máa tún ìran yìí ṣe bọ̀ sípò fún àwọn tó ni ín, àti pé àwọn máa tún ṣe díẹ̀ lára ẹ̀yà rẹ̀ ní tuntun. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì ọjọ́ orí rẹ̀ kò rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ gbà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó bí wọn.

Ẹ ṣí bónẹ́ẹ̀tì, ẹ óò rí ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà nà láti iwájú sẹ́yìn, kò dùbúlẹ̀ ní ìbú bíi ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké, torí náà àyè wà lọ́tùn-ún lósì tí ọwọ́ lè gbà wọlé. Púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lókè gbangba. NGK BKR5E-11 ni mo ń lò, àlàfo ẹnu rẹ̀ sì jẹ́ mílímítà 1.1. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù kí ẹ tó tú wọn, torí alumíníọ̀mù ni orí rẹ̀, tírẹ́ẹ̀dì inú ihò rẹ̀ kò lè fara da ìwàǹwára. Ìka ni kí ẹ fi yí tuntun wọlé títí yóò fi jókòó, ẹ̀yìn náà ni sípánà máa kàn án. Tí ọkọ̀ bá ń já, tó ń fà sẹ́yìn bí ẹ ṣe ń gun òkè, tó sì ń ṣe dáadáa lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, wáyà púlọ́ọ̀gì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Kọ́ìlì náà máa ń kú lóòótọ́, àmọ́ wáyà ló sábà máa ń ṣáájú rẹ̀, owó rẹ̀ sì kéré sí ti kọ́ìlì.

Ibi tí inú mi ò ti dùn sí àwọn tó ya àwòrán ọkọ̀ yìí ni ibi tí wọ́n gbé fílítà ọ́ìlì sí. Abẹ́ páìpù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì ló wà. Ọwọ́ kan ló lè dé ibẹ̀, ojú ò sì ní rí ohun tí ọwọ́ ń ṣe. Ìsàlẹ̀ ni mo ti ń mú un, lẹ́yìn tí mo bá ti gbé iwájú ọkọ̀ sókè tí mo sì ti fi sítáǹdì méjì gbè é. Jáàkì nìkan kò tó láti fi ẹ̀mí ẹni lé lọ́wọ́, ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì ló gbé e dúró. Ẹ wo ẹnu fílítà àtijọ́ dáadáa bóyá róbà rẹ̀ bá a jáde, torí tó bá lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì tí ẹ sì de tuntun lé e lórí, ọ́ìlì á tú dànù ní kété tí ẹ bá ta á. Pẹ̀lú gbogbo wàhálà yìí, ẹ má ṣe fi ọjọ́ ọ́ìlì falẹ̀. Ọ́ìlì ló ń kún inú àwọn lifter, ìyẹn àwọn irin kékeré tó ń ti fáàfù, tó wà lórí ẹ́ńjìnnì. Tó bá ti dọ̀tí, wọ́n á máa dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ tí ẹ bá ta ọkọ̀ láàárọ̀. Ariwo yẹn máa ń dẹ́rù ba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra á, ṣùgbọ́n ọ́ìlì tó mọ́, tí a ń pààrọ̀ rẹ̀ lásìkò, ló pa á lẹ́nu mọ́ lára tèmi.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì tó ń jò lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ ká dúró lé e díẹ̀, torí ó ń ná àwọn èèyàn lówó tí kò yẹ kí wọ́n ná. Ọ́ìlì á máa kán sílẹ̀ níbi tí ẹ́ńjìnnì ti pàdé gíá. Ẹni tó bá wò ó láti ìsàlẹ̀ á ní síìlì ẹ̀yìn kiráǹkì (irin tí àwọn písítìnì ń yí) ló lọ, pé àfi ká sọ gíá kalẹ̀. Ohun tí mẹkáníìkì kan sọ fún mi nìyẹn. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ tan tọ́ọ̀ṣì wo òkè. Lẹ́yìn orí ẹ́ńjìnnì gan-an, níbi tó dojú kọ ìjókòó, ohun róbótó kékeré kan wà tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ibi tí káàmù, irin tó ń ṣí fáàfù, yí dé. Cam angle sensor ni wọ́n ń pè é, òrùka róbà kan ṣoṣo ló sì dí ẹnu rẹ̀. Ooru ti sè é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí mo yọ tèmi, ó ti le gan-an, ó ti pẹlẹbẹ, bí mo ṣe fi èékánná tẹ̀ ẹ́ báyìí ló kán sí méjì bí awọ gbígbẹ. Ibẹ̀ ni ọ́ìlì ti ń yọ, tó ń gba ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì wálẹ̀, tó wá ń kán níbi tí gbogbo èèyàn á ti dá síìlì kiráǹkì lẹ́bi.

Nọ́ọ̀tì kan ló dè é, nọ́ńbà 12. Kí ẹ tó tú u, ẹ fi ohun tó mú ṣóńṣó fa ìlà kan láti ara rẹ̀ bọ́ sí ara orí ẹ́ńjìnnì, kí ẹ lè dá a padà síbi tó wà gẹ́lẹ́, torí pé bí ẹ bá ṣe yí i sí ni àsìkò tí púlọ́ọ̀gì máa tanná ṣe máa yí. Ẹ nu ibi tí òrùka jókòó sí títí irin á fi mọ́, ẹ fi ọ́ìlì pa òrùka tuntun lára, kí ẹ wá tì í wọlé pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wá àpótí kékeré tí wọ́n kọ DIAGNOSIS sí lára lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì, ẹ fi wáyà so ihò tí wọ́n kọ TEN sí mọ́ èyí tí wọ́n kọ GND sí, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná kó sì máa yí wẹ́rẹ́ ní bí ìgbà 850 ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tan iná táímíǹgì sí púlì. Díígírì 10 kí písítìnì tó dé òkè ni Mazda fẹ́. Tó bá ti bọ́ síbẹ̀, ẹ de nọ́ọ̀tì náà, iṣẹ́ parí. Òrùka yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ owó kankan. Tí jíjò kò bá dá, gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ wò tẹ̀ lé e, pàápàá àwọn igun rẹ̀ tó rí bí ìlàjì òṣùpá. Wọ́n máa ń fẹ́ sílíkóònù díẹ̀.

Bẹ́líìtì táímíǹgì, èyí tó so kiráǹkì mọ́ káàmù, 60,000 máìlì ni ọjọ́ orí rẹ̀, bíi kìlómítà 100,000, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra ọkọ̀ tí kò sí ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, kó pààrọ̀ rẹ̀ kíá. Ohun tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ ni pé tó bá tiẹ̀ já lójú ọ̀nà, fáàfù kì í gbá písítìnì nínú ẹ́ńjìnnì yìí. Ọkọ̀ á kú, wọ́n á fà á lọ sílé, bẹ́líìtì mìíràn á sì tún un jí. Níwọ̀n ìgbà tí iwájú ẹ́ńjìnnì bá ti ṣí sílẹ̀, ẹ pààrọ̀ wọ́tà pọ́ǹpù àti àwọn síìlì tó wà níbẹ̀, torí iṣẹ́ kan náà lẹ máa tún ṣe láti dé ọ̀dọ̀ wọn.

Àwọn 1.6 tó kọ́kọ́ jáde ní àìsàn kan tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó ra. Imú kiráǹkì wọn kúrú. Tí nọ́ọ̀tì tó de púlì ìsàlẹ̀ bá dẹ̀, irin kékeré tó mú púlì dúró á máa jẹ ihò rẹ̀ gbòòrò, púlì á máa mì, táímíǹgì á sì máa ṣáko. Mazda ṣàtúnṣe rẹ̀ lọ́dún 1991. Ẹ ka àwọn ihò tóóró tó wà lójú púlì náà: mẹ́rin ni ti imú kúkúrú, mẹ́jọ ni ti imú gígùn. Mẹ́jọ ni tèmi, òun sì ni mo lọ ń wá.

Rádíétọ̀ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Orí rẹ̀ tó jẹ́ róbà líle, dúdú ni nígbà tó wà ní tuntun. Tó bá ti ń pọ́n bíi kọfí, ẹ má dúró dìgbà tó bá là.

Omi ni mo ní kí ẹ bẹ̀rù. Òrùlé ọkọ̀ yìí aṣọ ni, òjò tó bá sì rọ̀ lé e máa ń wá sẹ́yìn, á bọ́ sínú ọ̀nà kan tó gba ẹ̀yìn ìjókòó, á wá gba ihò kọ̀ọ̀kan lọ́tùn-ún lósì jáde sábẹ́ ọkọ̀, níwájú táyà ẹ̀yìn. Ewé jíjẹrà àti eruku ló máa ń dí ihò yẹn. Tó bá ti dí, omi á dúró, á kún, á sì wá ọ̀nà gba inú irin ẹ̀gbẹ́ tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn. Inú lọ́hùn-ún ló ti máa dógùn-ún. Ọ̀dà ìta á ṣì máa dán, ọwọ́ tó bá fi pá a á ní kò sí nǹkan kan, títí ọjọ́ tí ìka á fi wọlé. Nígbà tí mo ká kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn ìjókòó tèmi sókè, ó wúwo fún omi, ẹrẹ̀ dúdú ló sì tẹ̀ lé ọ̀pá tí mo ti bọ ihò náà jáde. Ọ̀pá róbà tó rọ̀ ni kí ẹ lò, irin lè lu páìpù inú rẹ̀ já. Lẹ́yìn náà ẹ da omi díẹ̀ sí i láti òkè, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀: ó gbọ́dọ̀ ṣàn jáde wàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Mo ń ṣe é kí àsìkò òjò tó dé, mo sì ń tún un ṣe tí ewé bá ti ń já. Kò sí iṣẹ́ mìíràn lára ọkọ̀ yìí tó rọrùn tó báyìí tó sì ń gba nǹkan tó pọ̀ tó báyìí là, torí irin ẹ̀gbẹ́ tó bá ti jẹrà, gígé àti jíjó ni, kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ní sípánà nìkan.

Kílọ́ọ̀ṣì náà ní róbà tirẹ̀. Tí gíá bá ń ké kó tó wọlé, tí omi inú ìkòkò kékeré rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀, ẹ wo slave cylinder, pọ́ǹpù kékeré tó ń ti kílọ́ọ̀ṣì, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíá. Ẹ fa fìlà róbà rẹ̀ sẹ́yìn. Tó bá tutù nínú, ó ti parí. Nọ́ọ̀tì méjì àti páìpù kan ló mú un, àti-yọ rẹ̀ kò le. Ìkejì rẹ̀ tó wà lókè lápá ẹsẹ̀ awakọ̀ sábà máa ń tẹ̀ lé e láìpẹ́, torí náà mo pààrọ̀ wọn pọ̀.

Bíréèkì ẹ̀yìn ń tan àwọn tó mọ ọkọ̀ mìíràn. Ẹ má fi ipá ti písítìnì rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ tú nọ́ọ̀tì 14 tó wà lẹ́yìn kálípà, sípánà Allen mílímítà 4 á wọ ihò tó wà níbẹ̀, ẹ yí i sósì, písítìnì á padà fúnra rẹ̀. Tí páàdì tuntun bá ti wọlé, ẹ yí i sọ́tùn-ún títí táyà ò fi ní yí mọ́, kí ẹ wá dá a padà díẹ̀ kí ó lè máa yí fàlàlà. Ọ̀pọ̀ bíréèkì ọwọ́ tí wọ́n ń pè ní òkú, ibẹ̀ nìkan ni wọn ò tíì yí.

Iṣẹ́ kan tí mi ò ṣe nílé ni àwọn apá tó gbé táyà dúró. Nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń tún bí táyà ṣe dúró ṣe máa ń gan mọ́ inú róbà rẹ̀, ó máa ń gba iná àti gígé, ẹ̀yìn náà ọkọ̀ gbọ́dọ̀ lọ síbi tí ẹ̀rọ ìdiwọ̀n táyà wà.

Mo fún un ní mẹ́rin nínú márùn-ún. Ipáàrà ló gba ọ̀kan tó kù, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Torí náà, ẹni tó bá lọ wo èyí tí wọ́n ń tà, kó má jẹ́ kí ìró ẹ́ńjìnnì tó dùn gba gbogbo àkókò rẹ̀. Kó ká kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn ìjókòó, kó tẹ irin ẹ̀gbẹ́ níwájú táyà ẹ̀yìn láti ìsàlẹ̀, kó da omi sí ihò òrùlé. Tí ẹni tó ń tà á bá kọ̀ jálẹ̀ pé kò sẹ́ni tó máa ká kápẹ́ẹ̀tì òun, kó wá òmíràn lọ, wọ́n ṣì pọ̀.