Kíláàsì ẹ̀sásáìsì àwa màmá, ó dáa o, àmọ́ ooru yẹn!

Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń lọ jíìmù kan n'Ìbàdàn níbí, kíláàsì àwa tí nǹkan oṣù wa ti dúró. Kóòṣì yẹn mọṣẹ́ jàre. Ó ní tí ilé ẹyin bá ti sinmi, ọ̀rá ara ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú estrogen, ìyẹn họ́mọ́ònù obìnrin, tó kù, bí ọ̀rá bá ṣe pọ̀ tó ni òun náà ń pọ̀ tó, ìyẹn sì lè fa jẹjẹrẹ ọmú. Mo kọ́kọ́ rò pé ó fẹ́ gbowó ni, àṣé wọ́n ti dán an wò ní Seattle l'Amẹ́ríkà lára obìnrin 173, ọdún kan gbáko, àwọn tí ẹ̀sásáìsì jẹ́ kí ọ̀rá wọn dín kù ni estrogen tiwọn wálẹ̀ dáadáa.

Ìró mi tí ò ká mi mọ́ tẹ́lẹ̀ ti ń ká mi báyìí.

Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, kò sí fáànù! Ooru ara ń mú wa, ooru ìta tún dé, jẹnẹrétọ̀ wọn á kàn hó díẹ̀, á kú. Lọ́jọ́ Túsìdeè màmá kan jókòó sórí máàtì, ó ń fi sílípáàsì fẹ́ ara ẹ̀. Máàkì 3 nínú 5 ni mo fún wọn. Màá ṣì sanwó oṣù tó ń bọ̀ ṣá, mo ti ra abẹ̀bẹ̀.