MHC I àti MHC II: bí wọ́n ṣe ń di peptide mú
MHC jẹ́ protein ojú sẹ́ẹ̀lì tó ń fi peptide (ègé protein kékeré) han àwọn sẹ́ẹ̀lì T tó ń gbèjà ara. Oríṣi méjèèjì ló ní kòtò tí peptide ń jókòó sí, àmọ́ ti MHC I dí lórí, ó dí nídìí. Peptide tó ní amino acid (èròjà tó so pọ̀ di protein) 8 sí 10 ló bá a mu jù. Bó bá fi díẹ̀ gùn jù, àárín rẹ̀ á wú sókè, bí ẹni tí bẹ́ẹ̀dì kúrú fún. Ti MHC II ṣí lápá méjèèjì, nítorí náà peptide tó ní amino acid 13 sí 25 lè nasẹ̀ síta. Nǹkan bí 9 péré ló wọnú kòtò. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni wàhálà wà fún ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà wá peptide tó máa bá MHC II mu: 9 wo gan-an ló wọnú kòtò? MHC I ń pe sẹ́ẹ̀lì T oríṣi CD8 (tó ń pa sẹ́ẹ̀lì tó ní àrùn), MHC II ń pe sẹ́ẹ̀lì T oríṣi CD4 (tó ń ran àwọn sẹ́ẹ̀lì agbèjà yòókù lọ́wọ́).