San José: ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù, àbí ẹni tó mọ iṣẹ́ jù?

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, àwọn olùdìbò ìlú San José ní California fọwọ́ sí Measure S, àtúnṣe sí òfin ìlú lórí bí wọ́n ṣe ń gbé iṣẹ́ fún kọngílá.

Lọ́nà àtijọ́, kọngílá tó kájú ẹ̀, tí iye owó tó ní òun máa gbà fún iṣẹ́ náà sì kéré jù, ló ń gba iṣẹ́. Wọ́n á ṣí àpò ìwé tí kọngílá kọ̀ọ̀kan fi iye tirẹ̀ sí, wọ́n á ka iye sókè, gbogbo ẹni tó jókòó síbẹ̀ á sì mọ ẹni tó mú un. Màgòmágó ò rọrùn níbẹ̀, ohun tí mo fẹ́ràn nínú ẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ ẹni tó já owó walẹ̀ kí iṣẹ́ lè bọ́ sí i lọ́wọ́ lè padà dé láàárín iṣẹ́ pé owó ò tó mọ́, kí kòtò tó ti gbẹ́ sì ṣì wà lójú títì.

Lọ́nà tuntun, wọ́n lè fi máàkì wọn ìrírí àti ọgbọ́n iṣẹ́ mọ́ owó. Ta ló ń fún wọn ní máàkì? Ènìyàn ni o, ènìyàn sì lójúsàájú.

Tó bá jẹ́ ọ̀dà títì lásán, ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù tó mi. Tó bá jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ omi ìdọ̀tí, ìrírí ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò.