Etí Mickey àbí sẹ́ńtì tí ẹ̀rọ tẹ̀?

Ẹni tó fẹ́ mú nǹkan ìrántí bọ̀ láti Walt Disney World, ọgbà ìgbafẹ́ ńlá tó wà nítòsí Orlando ní Amẹ́ríkà, ẹ jẹ́ kí n fi méjì wéra fún un.

Etí Mickey, eku inú fíìmù Disney, ni gbogbo ayé mọ̀. Fìlà dúdú olétí yẹn gbayì lójú mi, torí wọ́n lè fi òwú kọ orúkọ ọmọ sí i lẹ́yìn. Báǹdì orí tí wọ́n to nǹkan dídán wẹ́wẹ́ sí ni mi ò rí fi ṣe. Ó lè gbà tó 30 dọ́là lọ́wọ́ ẹni, bẹ́ẹ̀ bó o bá kúrò nínú ọgbà, ibo lo fẹ́ dé e lọ? Ṣé abẹ́ gèlè ni?

Sẹ́ńtì tí ẹ̀rọ tẹ̀ ni tèmi, ìyẹn owó ẹyọ Amẹ́ríkà tí wọ́n tẹ àwòrán sí lára. Wọ́n ti ń ṣe é níbi ìpàtẹ àgbáyé ti Chicago ní 1893. O fi sẹ́ńtì sínú ẹ̀rọ, o yí ọwọ́ rẹ̀, irin méjì á fún un mọ́ àárín, á sì jábọ́ gbọọrọ bí ewé, tòun tàwòrán. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ tó ń gba sẹ́ńtì tìrẹ ni, wo ọdún ara rẹ̀ kó o tó fi sí i o. Èyí tí wọ́n rọ ṣáájú 1982, bàbà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ látòkèdélẹ̀. Síńkì, irin funfun kan, ni inú àwọn tó dé lẹ́yìn náà, bàbà kàn bò wọ́n fẹ́lẹ́ ni. Bí irin bá ti tẹ̀ wọ́n, ìlà funfun á là á já.

Ọmọdé ò kúkú ní gba sẹ́ńtì dípò etí. Ra etí fún un, kó o fi sẹ́ńtì sápò ara rẹ.